Áàpù Tó Yege Kí Wọ́n Tó Kọ́ Ọ

Áàpù àpẹẹrẹ ni èyí tí àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwia ń fi síta kí ẹlòmíràn lè wò ó kọ́ṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó gbà á, asán ni. Linux ni Debian, Ubuntu, Fedora àti Alpine, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò kò lórí orúkọ: àkójọ tí à ń fi kọ́ áàpù tó bá nílò OpenSSL ń jẹ́ libssl-dev lọ́dọ̀ Debian, openssl-devel lọ́dọ̀ Fedora, openssl-dev lọ́dọ̀ Alpine. Irinṣẹ́ tí à ń fi kọ́ áàpù náà kò sì jẹ́ ọ̀kan. Make àti CMake wà, Maven àti Gradle wà. Ẹ̀yà 4, irinṣẹ́ 4: ìdánwò 16 ti délẹ̀ kí a tó ka iye áàpù.

Ọwọ́ lásán kò ká a. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ script tí yóò gbé ẹ̀yà Linux kọ̀ọ̀kan dìde nínú Docker, tí yóò kọ́ áàpù níbẹ̀, tí yóò sì jábọ̀. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo nínú yàrá kan ní Iba tó iṣẹ́ náà ṣe.

Ìjábọ̀ yìí ló kọ́kọ́ gbé òǹkọ̀wé yìí ṣubú. Àṣẹ tó gbẹ̀yìn nínú script ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ bóyá ó yege, àṣẹ tó sì gbẹ̀yìn nínú tirẹ̀ ni echo tó ń kọ "Ó yege". Echo kì í kùnà. Gbogbo áàpù yege, òǹkọ̀wé ra súyà fáwọn ọ̀rẹ́ ní Okokomaiko. Lọ́jọ́ tó ṣèèṣì pa kóòdù áàpù kan rẹ́ pátápátá, ìyẹn náà yege. Ní ọjà Alaba, nínú Ojo níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sanwó tẹlifíṣàn nítorí pé ọlọ́jà ní ó ń ṣiṣẹ́. Wọn á tàn án.

"set -e" ló ń dá script dúró níbi tí nǹkan bá ti bàjẹ́. Ó fi í sí i, ó sì tún da ohun tí Make ń kọ jáde sínú tee kó lè tọ́jú rẹ̀. Èsì tee ni script wá ń kà, tee kò sì bìkítà bí ilé bá wó. "pipefail" ni oògùn rẹ̀. Fedora gbà á, nítorí bash ni sh tirẹ̀. Ubuntu tó ti ń fi dash ṣe sh láti 2006 ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Ti dátà tún wà. Maven ń kó ohun tó bá gbà wálẹ̀ sínú ~/.m2, ṣùgbọ́n bí container tí Docker gbé dìde bá lọ, fódà náà bá a lọ, àfi bí a bá so ó mọ́ fódà ìta. Òǹkọ̀wé kò so ó. Dátà oṣù kan kò rí àárọ̀.

Cron tó yẹ kó ṣe ìdánwò lóru kì í padà ṣe èyí tí iná tó lọ bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Anacron ló ń ṣe ìyẹn. Fún ẹni tí iná ń dà láàmú, GitHub Actions ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láti 2019. Kí olúwarẹ̀ sáà kọ "fail-fast: false" síbẹ̀. Láìsí i, bí ọ̀kan bá kùnà, wọn á fagi lé ìyókù, bí wọ́n ti ṣe fún Fedora nígbà tí Alpine kùnà, tí òǹkọ̀wé fi kọ̀wé sí gbogbo èèyàn pé Fedora ti bàjẹ́.