Ọta Mi, Bébà Ẹlòmíràn

Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá kan náà ló bí gbogbo wọn. Nídìí eré ìbọn yínyìn, mo ti di ojú tí kò yẹ kí n dì, mo ti já tírígà bí ẹni ń já ẹran gbà lẹ́nu ajá, mo ti gbórí sókè kí ọta tó jáde tán, mo sì ti fi ọta tèmi lu bébà ẹni tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí onítọ̀hún fi ní ihò 11 níbi tó ti yẹ kó ní 10. Ẹ bi alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ léèrè ohun tó fà á, á ní ojú òun ni kò ríran tó, tàbí kó ní ìbọn tí ẹgbẹ́ yá òun ti gbó. Irọ́ ni. Ojúkòkòrò ni: a ń wo bébà jù.

Ojú èèyàn kò lè rí ohun ìtòsí àti ohun òkèèrè kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbọn ìdíje ní ihò róbótó kan lẹ́yìn tí a ń yọjú níbẹ̀, ó ní òrùka kan níwájú, bébà sì wà lọ́hùn-ún ní mítà 50. Òrùka iwájú yẹn ló yẹ kó mọ́ kedere, kí àmì dúdú orí bébà sì rí bàìbàì láàárín rẹ̀ bí òṣùpá inú ọyẹ́. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí àlàfo ihò ẹ̀yìn àti òrùka iwájú bá jẹ́ mítà 1, tí òrùka sì fi mìlímítà 1 péré yà, ọta á fi mìlímítà 50 yà kó tó débẹ̀. Àárín tó ń pa máàkì 10 kò sì ju mìlímítà 10.4 lọ! Ti ìbọn atẹ́gùn, tí wọ́n ń yìn ní mítà 10, tún burú jùyẹn: mìlímítà 0.5, bí ìgbà tí bírò ṣèèṣì kan ìwé. Síbẹ̀, nígbà tó kù díẹ̀ kéèyàn tẹ̀ ẹ́, ojú á fi òrùka sílẹ̀, á sáré lọ wò bóyá bébà ṣì wà níbi tó wà. Ọkàn á ní, “Ó ti bọ́ sí i, tètè tẹ̀ ẹ́!” Ìka á já tírígà, ẹnu ìbọn á fì sápá kan, orí á ti gbé sókè láti ka máàkì tí kò sí. Bí máàkì kò bá sì wù wá, a ó yí ojú ìbọn díẹ̀. Ọta kan, ìyípadà kan. Bẹ́ẹ̀ ọta márùn-ún tó ṣù jọ sí ibi tí kò yẹ sàn ju márùn-ún tó fọ́n ká, kódà kí ọ̀kan nínú wọn pa 10, nítorí èyí tó ṣù jọ ni a lè tún ojú ìbọn ṣe fún.

Wọ́n á ní aṣọ ni. Lóòótọ́, kóòtù líle àti okùn tí a ń so mọ́ apá ń jẹ́ kí egungun gbé ìbọn dípò iṣan, ṣùgbọ́n kóòtù kò lè darí ojú. (Èmi tí mo ra kóòtù kí n tó mọ apá tí okùn ń lọ ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀.) Nílẹ̀ Bìrìtìkó, ẹgbẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí kì í gba èèyàn wọlé pátápátá kó tó lo oṣù mẹ́ta ó kéré tán lábẹ́ àyẹ̀wò, ìbọn ẹgbẹ́ ló sì máa ń lò nígbà náà. Kí ni ìkánjú ọjà? Àwọn tiwa á tún ní ọmọ ọdẹ kì í ṣe alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹran ń sá, ọdẹ gbọ́dọ̀ yára. Bébà kì í sá lọ síbì kankan. Ìyára ọdẹ gan-an ló ń pa ọmọ ọdẹ láyò níbí.

Àtakò tó lágbára jù ni pé ìbọn kì í ṣe ohun ìṣeré, ó sì yẹ kéèyàn wo ibi tó ń yìn ín sí. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, kí ó tó di pé ìka kan tírígà: kí ẹnu ìbọn kọjú sí bébà nígbà gbogbo, kí a ka nọ́ńbà orí bébà, kí a rí i pé tiwa ni. Lẹ́yìn náà ni kí a fi bébà sílẹ̀. Ẹni tó bá rò pé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń gbàgbé nọ́ńbà, kó bi Matthew Emmons ọmọ Amẹ́ríkà. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 2004 ní Áténì, òun ló wà níwájú, ó ku ọta kan. Bó ṣe máa mú ara balẹ̀ ló gbà á lọ́kàn, kò wo nọ́ńbà, ó sì yìn ín lu bébà ẹlòmíràn. Òdo ni wọ́n fún un. Ó já sí ipò kẹjọ nínú èèyàn mẹ́jọ. Ní Beijing lọ́dún 2008, òun náà ló tún wà níwájú, ọta tó kẹ́yìn tún pa 4.4, ó bọ́ sí ipò kẹrin. Ṣùgbọ́n ní Áténì yẹn ni Kateřina Kůrková, ọmọ Ṣẹ́ẹ̀kì tí òun náà ń yìnbọn, ti wá tù ú nínú, wọ́n sì di tọkọtaya. Ní tèmi o, ẹni tí mo lu bébà rẹ̀ kò tíì kí mi padà.