Oko Baba Ta Ló Tóbi Jù?

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Òwe náà ti dojú dé mọ́ wa lọ́wọ́. Ọmọ ìwòyí ti dé oko baba gbogbo ayé tán, lórí fóònù àti nínú ṣọ́ọ̀bù tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́. Ọ̀nà oko baba tirẹ̀ ni kò mọ̀.

Ẹ wo ẹ̀fọ́ yánrin. Bí òjò bá ti rọ̀, á hù lẹ́bàá ọ̀nà, á hù lórí ààtàn, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ẹ̀gúsí àti irú wooro sè é, kí iyán wà nítòsí: ìkorò rẹ̀ díẹ̀ yẹn ló ń pe òkèlè kejì. Ìbátan létúùsì ni, àfi pé létúùsì wọ ọ̀rá, yánrin kò wọ nǹkan kan. Ọ̀gá wa á san owó létúùsì láìwí nǹkan kan, á wá yọ ojú sí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní ọjà Bódìjà: "Màmá, ó ti wọ́n jù. Ẹ fi ènì sí i." (Mi ò tíì rí ẹni tó bẹ ẹ̀rọ ìkawó fún ènì.)

Kì í ṣe pé kí a má fẹnu kan ohun àjèjì o. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, àní ata tí a fi ń ṣe fáàrí, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Àwọn baba wa gba irúgbìn, wọ́n gbìn ín, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀kọ àti gàrí. Àwa kì í gba irúgbìn bọ̀; rìsíìtì là ń gbà.

Ti àgbáyun ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Èso pupa kékeré ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi í sẹ́nu, ọsàn wẹ́wẹ́ á di oyin fún un. Ní 1725, ará Faransé kan, Chevalier des Marchais, rí i bí àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ṣe ń jẹ ẹ́ ṣáájú oúnjẹ. Lónìí, wọ́n ti ṣe é ní hóró bí oògùn, wọ́n ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù sì ń rà á, wọ́n ń fi fídíò ránṣẹ́ sílé pé ẹ wá wo ìyanu. Nílé ọ̀hún, wọ́n ti gé igi àgbáyun ẹ̀yìnkùlé kí mọ́tò lè ríbi dúró sí.

Ewé ẹran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ń kọ́? Ọ̀rá àti agolo ti gba iṣẹ́ rẹ̀, torí wọ́n ní ewé ń fi ìdọ̀tí igbó wọ ilé ìdáná. Ewéko kan náà ló ń so èso pupa kan nísàlẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀, èyí tí ohun inú rẹ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po 2,000 dùn ju ṣúgà lọ. Àwọn ará Yúróòpù ń pè é ní E957 lára páálí oúnjẹ wọn, wọ́n sì ń fi í sínú ṣingọ́ọ̀mù. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìyàwó ilé tó ń se mọ́ínmọ́ín inú ọ̀rá, tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù òkè òkun bí ó ti ń rò ó, ẹ má dá a lóhùn: ó lè jẹ́ pé èso ewé tó kọ̀ náà ló ń jẹ lẹ́nu.