Ẹlẹ́gbẹ̀rún Wáàtì

Àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ń bọ̀. Wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gíláàsì fèrèsé á dá wọn lóhùn, ajá Ìyá Alákàrà á gbó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì wọ abẹ́ tábìlì lọ. Lẹ́yìn èyí ni Honda náà á tó yọ ní kọ́nà. Gbìì, gbìì, gbìì. Ẹ má bi mí pé orin wo ló ń kọ. Fújì ni o, orin ìyìn ni o, ìwàásù ni o, gbìì náà ni.

Kò sí àdúgbò tí kò ní irú ẹ̀. Tiwa ní Ìbàdàn níbí, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Wáàtì là ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni tí wọ́n já ewé akòko lé lórí. Honda ọdún 2003 ló ń wà, irú èyí tí àwọn ará Nàìjíríà sọ ní End of Discussion. Orúkọ ro ọkọ̀ náà gan-an ni. Gbàrà tó bá ti ṣíná sí i, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀, a jókòó síwájú, a máa fọwọ́ júwe pé kó yà sọ́tùn-ún.

Táyà ọkọ̀ ọ̀hún pá bí orí mi. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù ti kú tipẹ́. Bí wọ́n bá páàkì í lórí òkè, òkúta ni wọ́n ń fi dá táyà ẹ̀yìn dúró. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí bùútù! Wúfà méjì onínṣì 12 ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ìbejì kejì, iná búlúù ń tàn yí wọn ká.

Ọmọlúàbí ni o, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Òun ló gbé ìyàwó mi lọ sí ọsibítù lóru ọjọ́ kan. Ó tilẹ̀ gbìyànjú láti dín ariwo náà kù.

Ọjọ́ tó fẹ́ ra ẹrù náà, ó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sìn mí dé Àlàbá. Ẹ̀yin lẹ kàwé, wọn ò ní lè rẹ́ mi jẹ bí ẹ bá wà níbẹ̀." Èmi náà gbà, mo kó sọ́kọ̀, láti Ìbàdàn títí dé ọjà Àlàbá lọ́nà Àgbádárìgì, l'Ékòó. Lójú ọ̀nà, ó ń ka Pioneer, ó ń ka Kenwood, ó ń ka JBL, bí ẹni ń ki oríkì ìdílé rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ta sípíkà nínú ọjà náà, ohun kan yà mí lẹ́nu. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ló ti gbé tirẹ̀ síta, tí gbogbo wọn sì ń ké lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí sípíkà kan ṣe ń dún, ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kó wá. Níwọ̀n bí etí ò ti wúlò mọ́, ojú ni ọkùnrin yìí fi rajà. Ó ń wo nọ́ńbà tó wà lára páálí. Áńpù tó wù ú ní 1000 níwájú, gàdàgbà, bí orúkọ olóṣèlú lára pátákó. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, n ò gbọ́ ọ rí, n ò sì tíì tún gbọ́ ọ.

Mo yí páálí náà sẹ́yìn, mo wọ jígí mi. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí òmíràn tó kéré bí ẹyin iná orí: RMS 250. Mo ní, "Àbúrò, èyí ni wáàtì tó lè fi ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. 1000 yẹn, ìṣẹ́jú àáyá ni. O ò rí alágbàṣe tó ní òun lè gbé àpò símẹ́ǹtì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan? Ó lè gbé e lóòótọ́, àmọ́ kò ní gbé e dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì." Ó wo nọ́ńbà kékeré náà bí ẹni ń wo àna tó wá yáwó. Ọlọ́jà ní, "Ṣíámáànù, one thousand ni o." Bó ṣe sanwó nìyẹn. Wọ́n fún un ní wáyà pẹ̀lú, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ìgbà tí wọ́n gé e ni a rí i pé bàbà orí rẹ̀ ò ju ọ̀dà lọ, áliminiọ́mù ló wà nínú.

Rẹ́wáyà tó fẹ́ so ó fún un ní Géètì mọṣẹ́, ó sì ní sùúrù. Ó ní, "Ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá ní kí n gbà yín nímọ̀ràn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pààrọ̀ sípíkà ilẹ̀kùn iwájú méjèèjì, ká lẹ rọ́bà tó nípọn sínú ilẹ̀kùn kí irin má máa gbọ̀n. Áńpù tó ń gbé ojúlówó wáàtì 50 fún sípíkà kọ̀ọ̀kan, ó ti tó. Ohùn á mọ́, ẹ̀ẹ́ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú orin. Owó tó bá kù, ẹ fi ra bátìrì." Inú Ẹlẹ́gbẹ̀rún bàjẹ́. "Ṣé bátìrì ni mo lọ rà l'Ékòó ni?"

Rẹ́wáyà so ó. Irọ́ orí páálí ló gba ọkọ̀ náà là, torí bátìrì fólítì 12 tó bá fẹ́ bọ́ ojúlówó 1000 wáàtì, iná tó máa fà á lé ní áńpíà 80, ẹ ò sì tíì ka èyí tí áńpù máa sọ di ooru. Pẹ̀lú irọ́ náà, iná iwájú ọkọ̀ ṣì ń ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà tí ìlù bá dún. Fíùsì tí wọ́n fi sí ẹ̀bá bátìrì jó lẹ́ẹ̀mẹta. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, kí wáyà tó bó má baà dáná sun ọkọ̀. Ẹlẹ́gbẹ̀rún yọ ọ́ sọnù, ó fi èéjá wáyà dí ibẹ̀. Wàhálà parí, bó ṣe wí.

Bọ́tìnì kan sì wà lára áńpù tí wọ́n kọ gain sí. Ìlò rẹ̀ ni kí ohùn tó ń ti rédíò wá lè bá áńpù mu. Ọ̀rẹ́ wa yí i títí ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tuítà, èyí tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde, jóná mọ́jú. Kò mọ̀. Èmi ni mo sọ fún un.

Mo gbìyànjú láti fi ìṣirò bá a sọ ọ́. Mo ní béèyàn bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dẹ̀síbẹ̀lì 3 péré ló fi kún ariwo. Kó tó jọ létí pé ariwo di méjì, wáàtì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po 10. Ó ronú jinlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, á jẹ́ pé 10,000 ni kí n máa wá kiri."

Ọjọ́ tó gbé wa lọ síbi ìkómọ ní Ọ̀yọ́, táyà bẹ́ nítòsí Fìdítì. Abẹ́ àpótí wúfà ni ẹ́sítírà wà. Odindi wákàtí kan la fi tú nọ́ọ̀tì, a gbé àpótí sí etí títì, iná búlúù ṣì ń tàn lára rẹ̀. Ọlọ́kadà kan dúró, ó ní, "Ṣé inú igbó yìí lẹ ti fẹ́ ṣòde ni?" Nígbà tí a fa ẹ́sítírà náà jáde, kò sí afẹ́fẹ́ nínú òun náà.

Mo ní kó fi orin àpàlà Haruna Ishola sí i nígbà tí à ń padà bọ̀. Bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, mo sì fẹ́ gbọ́ òwe. Ohùn bàbá náà rì bí òkúta sínú odò. Agídìgbo tó yẹ kó máa sọ̀rọ̀ ń kérora bí ẹni tí inú ń run. Èdè wa sì nìyí, tó jẹ́ pé bí ohùn bá ti sọnù, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ di ìkan náà. Mo bojú wẹ̀yìn, àwọn ìbejì ti fìka dí etí, wọ́n sì ti sùn bẹ́ẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ kì í gbádùn rẹ̀ nínú ọkọ̀, mo ti ṣọ́ ọ. Á ṣí bùútù sílẹ̀, á bọ́ síta, á káwọ́ sẹ́yìn, á máa wo ojú àwa tó ń kọjá. Àwa ló rà á fún. Bí ẹnìkan bá bojú wẹ̀yìn báyìí, ó ti jèrè Àlàbá nìyẹn.

Bí ẹ bá bá a pàdé lójú títì, ẹ má fun fèrè fún un, kò ní gbọ́. Iná ni kí ẹ tàn sí i. Ẹ má sì dúró síwájú rẹ̀. Owó bíréèkì ló fi ra wúfà kejì.