Ìjàpá àti Táyà Olórin

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, tó ní Corolla kan ní Odògbolú.

Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan. Regbẹ́regbẹ́ Ìjàpá ti mú aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òdé, ọjọ́ kẹta ọdún. Ìjàpá sanwó aṣọ, ó sanwó bàtà, ó ra ìlẹ̀kẹ̀, ó tún ra awò dúdú tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Táyà ọkọ̀ ńkọ́? Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti pá bí orí igún.

Yánníbo ní, “Baálé mi, ẹ jẹ́ ká ra táyà.”

“Aṣọ laráyé ń wò. Ta ní í bẹ̀rẹ̀ wo táyà?”

Ṣùgbọ́n Ìgbín, fọ́kanáísà wọn, yarí pé òun ò fa atẹ́gùn sókùú nímú mọ́. Ni Ìjàpá bá gba ọ̀dọ̀ Ajá lọ, ẹni tó ń ta táyà tòkunbọ̀ lẹ́bàá títì.

Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ìgbà kan wà tí Dunlop ń ṣe táyà ní Ìkẹjà, tí Michelin ń ṣe é ní Port Harcourt. Iná ò dúró, owó ibodè orí táyà òkèèrè sì wálẹ̀. Michelin kógbá sílé ní 2007. Nígbà tó di 2008, Dunlop náà dáwọ́ dúró. Àwọn aṣọ́bodè ní táyà àlòkù ọkọ̀ kéékèèké ò gbọdọ̀ wọlé. Gbogbo ẹranko ló gbọ́ òfin náà, àfi táyà. Wọ́n ń ki wọ́n bọ inú ara wọn nínú kọ̀ǹtéńà kí wọ́n lè pọ̀, okùn irin inú wọn sì ń já kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Ajá á wá fi ọ̀bẹ gbígbóná gbẹ́ eyín sí wọn lẹ́nu, á fi kíwì dúdú kùn wọ́n.

“Ọ̀túnba! Ẹ káàbọ̀, sà.”

Ìjàpá ò joyè rí, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wú.

“195/65R15, ojúlówó Jámánì. Owó tuntun kan á ra mẹ́ta, sà.”

Ìjàpá rí 2309 lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. “Kí lèyí?”

“Nọ́ńbà fóònù iléeṣẹ́ wọn ni.”

Ìgbín, tó tẹ̀lé e lọ, fẹ́ là á yé e pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2009 ni wọ́n ṣe é, pé ọdún 4 péré làwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fọwọ́ sí. Kó tó yọ orí jáde nínú ìkarahun, Ìjàpá ti sanwó.

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ẹgbẹ́ rún mọ́ inú Corolla. Bí wọ́n ṣe bọ́ sí títì márosẹ̀, táyà gbé orin:

Ìjàpá, rọra wà mí o,
*Gbirigbiri!*
Jámánì ni mo ti darúgbó,
*Gbirigbiri!*
Wọ́n ní mo gbó, wọ́n sọ mí nù,
*Gbirigbiri!*
Ajá fi kíwì pa mí lára,
*Gbirigbiri!*
Inú mi ti já, ẹ̀yin ò rí i,
*Gbirigbiri, ó ń yí lọ, gbirigbiri!*

Ẹ̀rù ba Yánníbo. Ìjàpá tẹ Ajá láago: “Táyà yìí ń kọrin o!”

“Ti Jámánì ló ń kọrin, Ọ̀túnba. Ti China ló yadi.”

Inú Ìjàpá dùn. Ó ní kí ẹgbẹ́ máa gbè é. Gbogbo wọn ń ké “Gbirigbiri!”, Ìjàpá ń tẹná mọ́ ọn, táyà ń gbé ohùn sókè, gbàù! Ọkọ̀ fò fẹ̀rẹ̀, ó di inú igbó.

Kò sẹ́ni tó kú. Gèlè Yánníbo wà lórí igi, agbádá akápò ẹgbẹ́ ti fà ya. Ìjàpá nu awò rẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ojúde Ọba. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ dáadáa. Láti àyà sókè ni wọ́n yà á.

Lọ́jọ́ kejì, ó yí mẹ́ta tó kù padà sọ́dọ̀ Ajá. Ajá rà wọ́n ní ẹ̀dínwó, ó ṣí kíwì. Kò pẹ́ tí Ehoro fi dé, ó ń bèèrè bóyá àwọn táyà náà ṣeé fọkàn tán.

Ìjàpá ní òun fi wọ́n lọ Ojúde Ọba, ohùn wọn sì dùn. Ajá há náírà díẹ̀ sí i lọ́wọ́.