Gọ́ọ̀fù àti Bébà Àdànù Ṣómólú

Ká má fọ̀rọ̀ gùn: ọ̀dẹ̀ ni mí nídìí gọ́ọ̀fù, ọ̀dẹ̀ tó sì fẹ́ gbọ́n. Nínú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí mò ń dá lórí koríko, fífi ọ̀pá na afẹ́fẹ́ ló burú jù. Ènìyàn á gbé bọ́ọ̀lù lé orí èèkàn kékeré, á fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ja ìjàkadì, á wo ọ̀ọ́kán bí gómìnà tó ń ṣí afárá, á yí ìbàdí, fììì! Bọ́ọ̀lù kò mira. Ó jókòó síbẹ̀ bí olówó èlé tó wá sin gbèsè. Kádì tó ń báni ru àpò ọ̀pá á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa wo ẹyẹ. A ò sì lè purọ́ pé ìdánrawò ni, nítorí òfin ti sọ ọ́: bí o bá ti ju ọ̀pá síwájú láti gbá bọ́ọ̀lù, oókan ni, ó kàn án o, kò kàn án o. Kí ló ń fà á? Ẹ wo ojú ọ̀pá onírin dáadáa, ẹ ó rí i pé wọ́n ti dá a tẹ̀ sẹ́yìn láti ilé iṣẹ́. Ìtẹ̀sẹ́yìn yẹn ló ń gbé bọ́ọ̀lù sókè, kì í ṣe ọwọ́ wa. Àwa wá ní ká bù ú bí ẹni ń fi ìgbákọ bu ọbẹ̀. Bí ara bá ti nà sókè báyìí, ọ̀pá á kọjá lórí bọ́ọ̀lù, tàbí kó wú ilẹ̀ tó tó ebè iṣu kan kó tó dé ibẹ̀. Kí bọ́ọ̀lù tó fò, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbá a sí.

Ohun tí mo rí dì mú ni pé inú gbígba àṣìṣe ni ìtẹ̀síwájú ń gbà. Láti 2020, bí wọ́n bá fẹ́ ṣírò hándíkáàpù ẹni, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ọwọ́ ẹni ṣe mọ gọ́ọ̀fù tó, àbájáde 20 tó kẹ́yìn ni wọ́n ń wò. 8 tó dára jù ni wọ́n ń mú, wọ́n á gbójú fo 12 yòókù. Ẹ wo Rory McIlroy, ògbóǹtarìgì agbágọ́ọ̀fù: ó fi 4 léwájú kí ọjọ́ ìkẹyìn ìdíje Masters 2011 tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbá 80 lójú gbogbo ayé. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó gba ìdíje US Open pẹ̀lú àlàfo 8. Nígbà tó sì gba Masters ní 2025, ihò mẹ́rin ló ti fi méjì-méjì kọjá iye tó yẹ.

Ẹlòmíràn á ní àwáwí ọ̀lẹ nìyí. Kó wá sí Ṣómólú l'Ékòó, kó dúró ti àwọn atẹ̀wé òpópónà Shipeolu. Kí àwọ̀ mẹ́rin tó jókòó lé ara wọn géérégé, bébà á bàjẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ ti ṣírò àdànù yẹn kó tó tan ẹ̀rọ. Síbẹ̀, kò ní kó o fún oníbàárà. Ó gbà pé yóò bàjẹ́, kò gbà kó bàjẹ́ títí. Lóòótọ́, eré olówó ni gọ́ọ̀fù: láti Ṣómólú, afárá Third Mainland la ó gùn kí a tó dé pápá Ikoyi Club 1938, afárá nìkan kọ́ ló sì wà láàárín. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bí mi nínú ni ọ̀gá tó ń fẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù jáde nínú igbó, tí á gbá 8, tí á kọ 5, tí á ní òun kì í gba gbẹ̀rẹ́. Báwo ni yóò ṣe tún ohun tí kò kọ sílẹ̀ ṣe? Káàdì tèmi dọ̀tí bí bébà àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Gbogbo afẹ́fẹ́ tí mo nà wà níbẹ̀, oókan-oókan.