Ìjàpá Di Òṣìṣẹ́ Báńkì

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó gba Ìlá-Yàrà kọjá, ó ya Òkè-Ìlá, ó dé Ìlá Ọ̀ràngún kò dúró, ó wá já lé Ìjàpá Tìrókò lórí, ọkọ Yánníbo.

Kì í ṣe ìgbà ìwáṣẹ̀ ni mò ń wí o. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé Ìlá nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń sá lọ bó bá ti rí òjò. Àwọn ẹranko Ìlá ń dá àjọ. Ẹ̀yin náà mọ Ìlá, ìlú ẹlẹ́mu: ọ̀pẹ ń so, ẹmu ń dà, owó ń wọlé. Wọ́n fẹ́ fi owó àjọ náà dáṣọ tuntun fún egúngún Ẹléwé, kí èyí tó bá kù di owó ìtọ́jú ọjọ́ ogbó. Tẹ́lẹ̀, inú ìkòkò ni owó ń wà, abẹ́ ibùsùn Erin ni ìkòkò sì ń gbé, torí kò sí olè tó lè gbé Erin kúrò lórí ibùsùn. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù ní ayé ti kọjá ìyẹn. Wọ́n ra fóònù ránṣẹ́ sílé, wọ́n kó owó lọ sí báńkì, wọ́n ní kí kálukú mú páásìwọ́ọ̀dù tirẹ̀.

Erin, alága àjọ, fi "ERIN" ṣe tirẹ̀. Ó ní ta ló tó bẹ́ẹ̀ tí yóò pe orúkọ òun láìkúnlẹ̀? Adìẹ fi orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ṣe é, orúkọ tó ń ké láti àárọ̀ di alẹ́ bó bá ń da ọmọ jẹ̀. Ọ̀bọ fi èékánná kọ tirẹ̀ sára igi ìrókò kó má baà gbàgbé. Àkùkọ kò kọ tirẹ̀ sára ohunkóhun; ẹnu ló fi ń kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta kílẹ̀ tó mọ́. Ewúrẹ́ ní tirẹ̀ tẹ 123456, ó lọ jẹ èèpo iṣu.

Ẹ má fi Ewúrẹ́ rẹ́rìn-ín. Ní 2009, nígbà tí àwọn olè kó páásìwọ́ọ̀dù mílíọ̀nù 32 lọ ní iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ RockYou, 123456 yìí gan-an ló pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀. Ewúrẹ́ kò mọ ní Ìlá nìkan.

Òkété ló yàtọ̀. Ó to ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò bára tan pọ̀, gbólóhùn gígùn tí kò sí nínú orin, tí kò sí nínú òwe, tí kò sì lo irú rẹ̀ níbòmíràn. Ó tún dìde ní ìpàdé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: "Ẹ̀yin àgbà, àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yàrà yí ìlú ká ní Ìlá-Yàrà, síbẹ̀ wọn ò ṣaláìfi oníbodè sẹ́nu ọ̀nà. Olè tó bá fo yàrà, oníbodè ni yóò bá. Ẹ jẹ́ ká fi ìdènà kejì sí fóònù wa, kó jẹ́ pé bí wọ́n bá tilẹ̀ mọ páásìwọ́ọ̀dù, píìnì mìíràn á tún wà tí wọn ò mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dára, ẹnu tó ti jáde ni wọn ò fẹ́. Ọ̀bọ ní: "Òkété tó bá Ifá mulẹ̀ tó tún da Ifá, òun ni yóò wá kọ́ wa ní ìpamọ́ àṣírí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n bu ẹmu, ìpàdé túká.

Ìjàpá wà ní ìdí òpó, ó ń gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín: Ìjàpá kò mọ kọ̀ǹpútà. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹni tó ń wọlé onílé lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jẹ́ àràmàǹdà kan tó ń fi òru tẹ ohun tí ẹnì kankan kò lè kà. Ohùn ni Ìjàpá mọ̀. Ẹ rántí ìgbà ìyàn, tí Ajá gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ sókè ọ̀run, tó jẹ́ pé orin ló fi ń sọ fún un kó ta okùn sílẹ̀. Ìjàpá kò hu ìyẹ́, kò wá àkàbà. Ó lúgọ, ó gbọ́ orin, ó kọ ọ́. Orin yẹn ni páásìwọ́ọ̀dù, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń sọ ìtàn bí wọ́n ṣe jí i gbé. Ọdún 1961 ni Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi páásìwọ́ọ̀dù sí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò. Nígbà tó fi máa di 1962, akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀, Allan Scherr, ti mú kí ẹ̀rọ náà tẹ páásìwọ́ọ̀dù gbogbo ayé jáde fún un sórí ìwé, torí àkókò tí wọ́n pín fún un kò tó o. Ká ní Ìjàpá wà níbẹ̀, ìbá ti ṣe é lọ́jọ́ kejì.

Ìjàpá gba ẹ̀yìn ọ̀sọ̀rọ̀ omi Àyìkúnnugbà ní Òkè-Ìlá lọ, ó jókòó sínú ihò àpáta. Ariwo omi náà wúlò fún un. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lórí fóònù á rò pé ọ́fíìsì ńlá ni, tí èrò ń wọ́ tìrítìrí. Ohun tó sì máa wí ti wà nílẹ̀. Láti 2014 tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti dá BVN sílẹ̀, nọ́ńbà mọ́kànlá tí wọ́n fi ń dá oníbàárà mọ̀, ni Ìjàpá ti ń fi ẹnu pa á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. BVN tiwa ló máa ń kú ní gbogbo ọjọ́ Ajé tó sì máa ń jí bí a bá ti fún Ìjàpá lówó.

Adìẹ ló kọ́kọ́ pè. Ohùn rẹ̀ rọ̀ ju àdín lọ.

*Ìyá Adìẹ, ẹ kú ilé o,*
Wọ́ọ́rọ́wọ́!
*Báńkì ló rán mi kí n kí yín,*
Wọ́ọ́rọ́wọ́!
*BVN yín ti ń kú lọ o,*
Wọ́ọ́rọ́wọ́!
*Nọ́ńbà mẹ́fà ti wọ fóònù,*
Wọ́ọ́rọ́wọ́!
*Ẹ kà á fún mi kó lè yè o,*
Wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́ọ́rọ́wọ́, ilé ti ṣí!

Adìẹ kà á. Ọmọlúàbí ni, ẹni tó kí i dáadáa, kò mọ bó ṣe máa pa fóònù mọ́ ọn létí. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn kò sì kan báńkì rárá. WhatsApp ló fi ránṣẹ́, òun ni ó máa ń bèèrè bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣí nọ́ńbà rẹ lórí fóònù mìíràn. Ká ní Adìẹ ti fi píìnì tirẹ̀ síbẹ̀ bí Òkété ṣe wí, nọ́ńbà mẹ́fà nìkan kì bá tó Ìjàpá. Kíá ni WhatsApp Adìẹ kú sí i lọ́wọ́, ó sì jí lọ́wọ́ Ìjàpá. Ìjàpá kọ̀wé sí Pẹ́pẹ́yẹ: "Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ mi wà ní ọsibítù, bá mi fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ránṣẹ́, ó dọ̀la." Pẹ́pẹ́yẹ fi í ránṣẹ́, ó tún gbàdúrà mọ́ ọn.

Ibi tí àlọ́ yìí ti dùn mí nìyí. Nígbà tí Adìẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní fóònù òun jábọ́ sí kànga. Pẹ́pẹ́yẹ ní òun yá mọ̀lẹ́bí lówó. Ìjàpá pe Ewúrẹ́, ó kọ orin kan náà, kò pààrọ̀ ju orúkọ lọ. Ewúrẹ́ ní àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ló dá òun lọ́nà. Ó pe Àkùkọ, Àkùkọ kọ páásìwọ́ọ̀dù fún un kó tó bèèrè. Ọ̀bọ pàdánù gbogbo tirẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tílẹ̀ mọ́, òun ló wà níbi ẹmu tó ń sọ pé ẹni tí wọ́n bá fi fóònù lù ní jìbìtì, ojúkòkòrò ló pa á. Kálukú fi ewé bo ojú ọgbẹ́ rẹ̀, Ìjàpá sì ń fi ọ̀bẹ kan náà kọjá lára gbogbo wọn.

Ti Erin kò tilẹ̀ gba orin. Ìjàpá tẹ E-R-I-N, ilé ṣí, mílíọ̀nù méjì náírà owó Ẹléwé bá omi lọ.

Ìpàdé pàjáwìrì! Erin fi ọwọ́jà lu ilẹ̀, ó ní iṣẹ́ àwọn ọ̀tá ìlọsíwájú ni. Ó pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, ní gbogbo ọjọ́ ọjà ni kí wọ́n máa pààrọ̀ páásìwọ́ọ̀dù. Wọ́n bá fi ÌLÁ1 ṣe é, lọ́jọ́ ọjà kejì ó di ÌLÁ2, lẹ́yìn rẹ̀ ÌLÁ3. Ọmọ Ìjàpá tó ń kọ́ oókan-eéjì lè bá wọn kà á. Erin nìkan kọ́ ló ṣìnà o. Bill Burr ti NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà ní 2003 pé kí àwọn èèyàn máa pààrọ̀ páásìwọ́ọ̀dù lóòrèkóòrè. Ní 2017 NIST kọ̀wé tuntun, wọ́n ní kò pọn dandan mọ́ àfi bí olè bá ti mọ̀ ọ́n. Burr náà sì sọ pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú ohun tí òun kọ.

Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gbàgbé, Erin ní kí Àkùkọ máa kéde páásìwọ́ọ̀dù tuntun fún gbogbo ìlú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n yan ìgbìmọ̀ olùwádìí. Ta ni wọ́n fi ṣe alága rẹ̀? Ìjàpá ni! Wọ́n ní òun nìkan ni ọ̀rọ̀ báńkì yé. Ìjàpá wọ agbádá, ó ní kí ìwádìí lè kẹ́sẹ járí, kí ẹran kọ̀ọ̀kan kọ páásìwọ́ọ̀dù àti píìnì rẹ̀ sínú ìwé, kó fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lágbára. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ fi í lélẹ̀. Òkété kò lọ. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e.

Ẹni tó tú àṣírí náà ni Ìgbín. Ìgbín kò gbọ́n jù wọ́n lọ. Ìjàpá kọrin fún un, ó ka nọ́ńbà mẹ́fà tí báńkì fi ránṣẹ́ sí i, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìgbín kò ní ilé mìíràn tó lè sá sí tó bá tijú, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà ni. Ó kọ́kọ́ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì báńkì rẹ̀, wọ́n ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Lẹ́yìn náà ló wọ́ dé àárín ọjà Ìlá, ó fi igbe ta: "Ẹ gbà mí o, wọ́n ti lù mí ní jìbìtì! Orin tí wọ́n kọ fún mi nìyí!" Ó dá orin náà:

*Ìyá Ìgbín, ẹ kú ilé o…*

Kí ó tó mí, ohùn kan gba ègbè nídìí ata: Wọ́ọ́rọ́wọ́! Adìẹ ni. Òmíràn gbà á nídìí ẹmu: Wọ́ọ́rọ́wọ́! Ọ̀bọ. Pẹ́pẹ́yẹ gbà á, Ewúrẹ́ gbà á, Àkùkọ fà á gùn. Gbogbo ọjà ń gba ègbè, wọ́n ń wo ojú ara wọn, nítorí kò sí ẹni tó kọ́ èkejì lórin náà. Nígbà tí wọ́n dé ìlà tó kẹ́yìn, wọ́n ṣi ohùn rẹ̀ lò, ẹnì kan tó wọ agbádá sì pariwo láàárín wọn pé: "Rárá o! Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń lọ! Ẹ gbé ohùn sílẹ̀ níbi 'ilé ti ṣí'!"

Gbogbo ọjà yíjú sí i.

Wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Òfin Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì wà láti 2015, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024. Kì í ṣe òfin la ò ní. Ọlọ́pàá bèèrè lọ́wọ́ Adìẹ pé ọjọ́ wo ló ṣẹlẹ̀. Adìẹ ní ó ti tó oṣù mẹ́fà. Kí ló dé tí kò wí? Adìẹ wolẹ̀. Owó náà ti gba inú àkáǹtì méje kọjá, ó ti di ọtí, ó ti di aṣọ Yánníbo. Ti Ìgbín nìkan ló ṣẹ́kù ní báńkì.

Ìdí àlọ́ mi rè é gbáńgbáláká. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró: pó, pó, pó! Ẹ̀yin tí ẹ gba ègbè orin yìí láìjẹ́ pé mo kọ́ yín, ẹ má wolẹ̀: ẹ pe báńkì yín lónìí, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni mìíràn.