Ajíwọnẹ̀tù

Bí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé bá ti mọ́ ní ìpínlẹ̀ Texas, apẹja á gbọ̀nà odò lọ, agbábọ́ọ̀lù á gbọ̀nà pápá lọ, Ajíwọnẹ̀tù á gba gáréèjì rẹ̀ lọ. Mọ́tò kankan ò sí níbẹ̀. Ìta ni mọ́tò ń sùn látìgbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọta ìbọn ti gbalé. Ó ti gbé awò sójú, ó ti tilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà mi òṣùwọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé bí ilé bá ń jó lọ́wọ́, kí òun kọ́kọ́ jẹ́ kó parí kátíríìjì ọwọ́ rẹ̀ ná.

Erin ló ń kì í dè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í pé erin wo.

Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni o, ẹ má jẹ́ ká bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Kátíríìjì tí wọ́n ti yìn, idẹ rẹ̀ ṣì wúlò. Èèyàn á fọ̀ ọ́, á tẹ̀ ẹ́ padà sí bó ṣe yẹ kó rí, á fi práímà tuntun tí yóò ṣáná sí i nídìí, á bu ẹ̀tù sí i, á wá fi ọta dé e lẹ́nu. Ohun tí ẹlòmíì ń ṣe kó tó jẹun àárọ̀ ti di ètùtù lọ́wọ́ Ajíwọnẹ̀tù. Inú èèpo àsálà lílọ̀ ló ń yí idẹ rẹ̀ sí, títí yóò fi máa dán bíi yẹtí ìyàwó ojú ọ̀nà. Ó wá kan ẹ̀tù. 7,000 gíréènì ló ń jẹ́ pọ́ùn kan, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá gíréènì kan ṣoṣo lè gbà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Yóò fi ẹ̀mú mú hóró ẹ̀tù kan kúrò, yóò wò ó, yóò dá a padà, yóò mí kanlẹ̀.

Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé tí kò kúkú ra ti ṣọ́ọ̀bù, ìdí mẹ́ta ló ní. Àkọ́kọ́ ni owó. Kátíríìjì ìbọn erin wọ́n, ẹyọ kan lè ju owó oúnjẹ ọ̀sán lọ, ó sì ń fi kíkì fúnra rẹ̀ ṣọ́wó ná. Owó tó ṣọ́ yìí ti ra ẹ̀rọ ìtẹ̀ kejì, ó ti ra òṣùwọ̀n kẹta, ó ti ra ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta. Ìyàwó rẹ̀ ní bí ọkọ òun bá tún fi lè ṣọ́wó ná báyìí fún ọdún kan sí i, àwọn á ta ilé.

Ìdí kejì ni ìtàn. Àwọn ìbọn olójú méjì tí wọ́n ń rọ ní London láyé àtijọ́, alágbẹ̀dẹ wọn ti so ojú méjèèjì pọ̀ kí ọta wọn lè bá ibì kan náà. Bí eré ọta bá yàtọ̀ sí èyí tó fojú sùn, ọ̀tọ̀ ni ibi tí kálukú á lọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Kynoch ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rọ irú kátíríìjì bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi kí oníbọn fọwọ́ ara rẹ̀ kì í. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àmọ́ kò sí ìbọn olójú méjì nílé Ajíwọnẹ̀tù.

Winchester .458 ló wà níbẹ̀, ìyẹn ló sì bí ìdí kẹta: kò fọkàn tán ti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Winchester gbé kátíríìjì yẹn jáde ní 1956, idẹ rẹ̀ kúrú, ẹ̀tù há sínú rẹ̀, nígbà míì a sì máa dì gbagidi, kì í jó tán. Ní 1959, ẹfọ̀n kan ní Mozambique kan Jack Lott, ará Amẹ́ríkà, bó ṣe yẹ kí ẹfọ̀n kan èèyàn. Lott kò kú. Ó ṣe idẹ tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn ló di .458 Lott. Bí Ajíwọnẹ̀tù bá ń sọ ìtàn yìí, á fọwọ́ di ìhà mú. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á bá a kẹ́dùn.

Ọwọ́ náà làwọn ọdẹ tiwa fi ń ki ṣakabùlà: wọ́n á rọ ẹ̀tù sí i lẹ́nu, wọ́n á kì í, wọ́n á wọgbó. Àwọn ló sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran, kò ní fẹ́nì kan jẹ. Ti Ajíwọnẹ̀tù sàn díẹ̀. Gbogbo ìṣẹ́ rẹ̀ ló wà lákọsílẹ̀ nínú ìwé, pẹ̀lú déètì. Ẹran tí yóò ṣahun rẹ̀ ni kò sí.

Lórí pápá ìyìnbọn, ó na bébà sí ọgọ́rùn-ún yáàdì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹfọ̀n tó bá ń bínú kò ní dúró jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ìdí ìbọn yẹn a máa gbá èjìká bí ẹni ń sin gbèsè. Nítorí náà, kó tó fa ìfà, á ti dijú, á ti fún eyín pọ̀. Ó dún gbàù! Eruku sọ níbi tí bébà ò sí. Ajíwọnẹ̀tù á fọwọ́ pa èjìká, á kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀tù ti pọ̀ jù ní ìdá méjì nínú ìdá mẹ́wàá gíréènì. Gbogbo nǹkan ló ń wọ̀n, àfi ìbẹ̀rù ara rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ wá ń lọ sí Áfíríkà gan-an?”

“Ọdún tó ń bọ̀,” ni yóò wí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú kì í gbà ju kílò márùn-ún ọta lọ lọ́wọ́ èrò kan. Àpótí tó ti kì sílẹ̀ kún títí dé òrùlé, kò sì tíì mọ kílò márùn-ún tí yóò mú nínú wọn.

Bàbá arúgbó kan wá sọ ìtàn Bell fún un lórí pápá. W. D. M. Bell, ará Scotland, pa erin tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ìbọn kékeré ló sì fi pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ayùn ló fi la agbárí erin kó lè mọ ibi tí ọpọlọ rẹ̀ wà. Ní ti kátíríìjì, èyí tí ilé iṣẹ́ DWM ní Jámánì ti ṣe tán ló ń rà.

Ajíwọnẹ̀tù gbọ́ ọ dópin. Ó mi orí, àánú Bell ṣe é.

“Ó mà ṣe o,” ló wí. “Ká ní mo ti wà láyé nígbà yẹn ni, ǹ bá bá a kì í dáadáa.”